Aṣọ Lára, Ìwò Lójú: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Ọjọ́bọ̀, Ṣágámù

Àwọn àwòrán tí mo fẹ́ràn jù láyé kò sí ní Ìjẹ̀bú. Ọ̀kan wà ní New York, méjì wà ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, òmíràn sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á ní London. Síbẹ̀, ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ni mo kó ẹ̀dà wọn wá nínú fáìlì dúdú kan, nítorí pé Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Aina Onabolu, ayàwòrán tí ó ṣáájú gbogbo wa, àti nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbọ́ pé irú ojú tí àwọn ará Ìjẹ̀bú fi ń wo aṣọ ni ó yẹ kí a máa fi wo àwòrán ènìyàn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni a jọ rìn. Ọ̀nà kò dí púpọ̀, a sì ti wọ Ṣágámù kí oòrùn tó mú. Ilé bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni a wọ̀ sí, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní àwòrán yíyà, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń pè ní Bàbá Tíṣà títí di òní. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀, a kò sì tíì jókòó tán tí Bàbá fi ní kí n ṣí fáìlì tí mo gbé mọ́ àyà yẹn kí àwọn rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwòrán Onabolu ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá ní kí ọmọ-ọmọ wọn mú bébà àti pẹ́ńsù wá. Wọ́n ya títì tó wà níwájú ilé wọn gan-an: gọ́tà ọ̀tún àti gọ́tà òsì fẹ̀ síra níbi tí a jókòó sí, wọ́n sì ń sún mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń lọ, títí wọ́n fi pàdé ní òpin ojú títì, òpó iná tó wà nítòsí ga, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò ju èékánná lọ. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ yìí ni Onabolu ń gbé kiri láti iléèwé kan dé èkejì ní Èkó lẹ́yìn tí ó ti òkè òkun dé ní 1922, ní King's College, ní CMS Grammar School àti níbòmíràn. Nígbà náà, ìjọba amúnisìn kò ka àwòrán yíyà sí ẹ̀kọ́ tó yẹ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń rọ̀ wọ́n, títí wọ́n fi mú òyìnbó kan tí ń jẹ́ Kenneth Murray wá ní 1927 láti wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn méjèèjì kò fẹnu kò. Murray fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba rẹ̀, kí ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Onabolu ní gbogbo ohun tí òyìnbó ń kọ́ nípa àwòrán ni ọmọ wa gbọ́dọ̀ kọ́. Ẹ̀yìn Onabolu ni Bàbá Tíṣà wà gbọn-in. Èmi náà rò pé Onabolu ló jàre ní ìgbà tirẹ̀, nítorí pé nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ fún ọ pé ọwọ́ rẹ kò lè ṣe nǹkan kan, ìdáhùn tó dára jù ni kí o ṣe é níṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Murray náà so èso lẹ́yìn ọ̀la, nítorí pé Ben Enwonwu, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìjẹ̀bú-Òde

A dé Ìjẹ̀bú-Òde ní òwúrọ̀, a sì rin apá Ìtòrò àti agbègbè ààfin Awùjalẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ régberégbe àti àwọn ìdílé ológun tó ń gẹṣin ti ń wá kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Kò sí ayẹyẹ kankan lónìí, ọ̀nà náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba rí yóò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹgbẹ́ kan a wọlé pẹ̀lú aṣọ kan náà, gèlè kan náà, fìlà kan náà, síbẹ̀ ojú ẹni tó mọ̀ wò yóò rí i pé bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gbé aṣọ rù yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882 ni wọ́n bí Onabolu ní ìlú yìí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún 1892. Mo máa ń ro èyí gan-an. Ọmọ ìlú tí wọ́n fi ìbọn ṣẹ́gun ni ó wá jókòó ti àwọn ìwé òyìnbó, tí ó ń wo àwòrán inú wọn, tí ó ń dà á kọ, láìsí olùkọ́ kankan, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe jẹun ní Èkó. Àwòrán ni ó ń fi àsìkò ìsinmi rẹ̀ yà. Ní 1906, nígbà tí kò tíì dé òkè òkun rí, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán mìíràn tí mo kó sínú fáìlì yìí.

Mo mú ẹ̀dà rẹ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tí ń ta léèsì. Mi ò tíì sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn. Ìyá náà gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ iná, wọ́n sì ní, “Ọmọ Èkó tó kàwé ni màmá yìí, ní ayé àtijọ́.” Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní bó ṣe múra ni, àti pé ẹni tó ya á kò kánjú, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún un. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ohun tó fà mí mọ́ àwòrán yìí tó dára ju ti ìyá aláṣọ yìí lọ. Onabolu kò sọ obìnrin náà di arẹwà ju bó ṣe rí lọ, kò sì sọ ọ́ di nǹkan àwòyanu fún òyìnbó. Ó jókòó síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn pàtàkì, ó sì yà á bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya irú àwòrán báyìí rárá.

Ní 1920 ni Onabolu tó lọ sí London, ní iléèwé St John's Wood, tí ó sì tún kọ́ ẹ̀kọ́ ní Académie Julian ní Paris. Àwòrán Dókítà Oguntola Sapara tó yà ní nǹkan bí àkókò yìí ni èkejì tí mo mú wá. Dókítà yìí ni ó wọ inú ẹgbẹ́ awo olóde lọ láti mọ bí ìgbóná ṣe ń tàn kálẹ̀, tí ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní 1917. Ìwò ojú ọkùnrin yìí nínú àwòrán náà máa ń dá mi dúró. Ó dà bíi pé ó ti rí ohun tí kò fẹ́ sọ. Onabolu kú ní 1963, ó sì fi ọmọ tí òun náà jẹ́ ayàwòrán sílẹ̀, Dapo Onabolu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde

Tòní ni mo ti ń retí láti ìgbà tí a ti ń dá ìrìn-àjò yìí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ màmá kan tó ń hun aṣọ olónà, ìyẹn aṣọ tí àwọn olóyè Òṣùgbó ń gbé lé èjìká, tí a ń pè ní ìtàgbè. Òfì wọn dúró gbọnrangandan ti ògiri, bí òfì obìnrin ṣe máa ń rí, òwú ìta sì nà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wo ìka wọn. Wọ́n á ti òwú kan gba inú òmíràn kọjá, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ gbá a mọ́lẹ̀, wọ́n á tún fi ìka fa òwú pupa kan jáde títí yóò fi di ìdì kékeré lójú aṣọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó wú síta, wọ́n á fa òmíràn tẹ̀lé e. Àwọn ìdì wọ̀nyí ni ṣàkì. Nígbà tí ìlà kan bá kún, ó ti ga kúrò lára aṣọ, òjìji tirẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Láàárín àwọn ìlà ṣàkì náà, wọ́n ti hun ọ̀nì kan àti ọ̀pọ̀lọ́ kan, tí kò ga, ṣùgbọ́n tí ó hàn kedere.

Wọ́n ní kí n má fi ojú nìkan wò ó, kí n fi ọwọ́ kàn án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí aṣọ náà mọ́lẹ̀ dan, ṣàkì náà rọ̀, ó sì kún ọwọ́.

Mo wá mú àwòrán Rembrandt, ayàwòrán ilẹ̀ Nẹ́dálándì àtijọ́, jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Júù, tó wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam. Láàárín 1665 sí 1669 ni ó yà á, ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló dúró. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan lé àyà obìnrin náà, obìnrin náà sì rọra fi ìka tirẹ̀ lé orí ọwọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ísáákì àti Rèbékà inú Bíbélì ni Rembrandt ní lọ́kàn. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn, wọn kò sì wo ojú ara wọn; ọwọ́ wọn ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n apá aṣọ ọkùnrin náà ni mo fẹ́ kí Màmá rí. Àwọ̀ wúrà ni. Rembrandt kò fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọ̀dà náà rẹ́rẹ́; ó kó o jọ, ó fi lé ara wọn nípọn, títí ọ̀dà náà fi yọ síta lójú kánfáàsì, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ inú yàrá gan-an ló ń bà lé e, tí òjìji tòótọ́ sì ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Nínú ẹ̀dà orí bébà, ohun gbogbo pẹlẹbẹ ni. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé ojúlówó rẹ̀ ga bí ṣàkì tí wọ́n ń hun yìí. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n wo apá aṣọ náà, wọ́n wo èyí tó wà lára òfì, wọ́n ní, “Ẹni tó ṣe eléyìí mọ bí aṣọ ṣe ń wúwo lára ènìyàn.” Lójú tèmi, gbogbo ohun tó mú àwòrán náà dára wà nínú gbólóhùn yẹn. Aṣọ náà wúwo, ọwọ́ tó jáde nínú rẹ̀ sì fúyẹ́. Nítorí pé aṣọ náà wúwo ni a fi mọ bí ọwọ́ náà ṣe fúyẹ́ tó. Vincent van Gogh, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, dúró síwájú rẹ̀ ní 1885, ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ìbá fi ọdún mẹ́wàá nínú ayé òun sílẹ̀ bí wọ́n bá lè jẹ́ kí òun jókòó síwájú àwòrán náà fún ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú èérún búrẹ́dì lásán. Kò sí àsọdùn níbẹ̀ lójú mi.

Ní ọ̀sán, a lọ sí ìgbéyàwó kan tí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi sí. Àǹtí kan tó mọ gèlè í wé dáadáa ń wé e fún àwọn obìnrin ìdílé nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, bí ó sì ti ku díẹ̀ kó kàn mí, mo fi àwòrán Vermeer, ayàwòrán ilẹ̀ Nẹ́dálándì mìíràn, hàn wọ́n, Ọmọbìnrin Oníyẹtí Péálì, tí ó yà ní nǹkan bí 1665. Ọmọbìnrin náà ti wé aṣọ búlúù mọ́ orí, ó sì fi aṣọ yẹ́lò kan sí i tó já bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Inú òkúta kan tí wọ́n ń wà ní Afghanistan ni Vermeer ti rí búlúù yẹn, ó sì wọ́n gan-an nígbà náà. Àǹtí ní wíwé náà le, pé kò lè tú. Lẹ́yìn náà wọ́n tọ́ka sí yẹtí, wọ́n ní, “Kí ló fi so mọ́ etí?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Vermeer kò ya ìkọ́ kankan. Ẹ̀kán ọ̀dà funfun kan lókè, àti èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ta láti ara kọ́là rẹ̀, ìyẹn nìkan ni yẹtí náà. Ojú wa ló ń parí ìyókù. Bákan náà ni ó ṣe pẹ̀lú imú rẹ̀, tí kò fi ìlà kankan yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú ìwádìí tí ilé àkójọ ohun ọnà Mauritshuis, tí àwòrán náà wà, gbé jáde ní 2020, wọ́n rí i pé aṣọ ìkélé aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ọjọ́ pa àwọ̀ rẹ̀ dà sí dúdú. Mo gbọ́ èyí, mo sì ṣì fẹ́ dúdú náà ju ìkélé lọ, nítorí pé ó jẹ́ kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ wá síbi ojú rẹ̀. Guilder méjì péré, owó ilẹ̀ Nẹ́dálándì nígbà náà, ni wọ́n ta àwòrán yìí ní 1881.

Ọjọ́ Àìkú, Ìjẹ̀bú-Òde

Lẹ́yìn ìsìn, a jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé mọ̀lẹ́bí wa kan. Lórí ògiri pálọ̀ wọn ni àwòrán bàbá-ńlá ilé náà wà, tí wọ́n fi ọ̀dà olóróró yà, ó sì hàn pé láti inú fọ́tò ni ayàwòrán náà ti yà á. Agbádá sányán ló wọ̀. Ayàwòrán náà fi gbogbo agbára rẹ̀ sí agbádá: a lè ka ojú ìrán aṣọ òkè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti rán wọn pọ̀, bó ṣe ń ṣẹ́ po ní èjìká. Ọwọ́ bàbá náà kò dára tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì gan. Ṣùgbọ́n bàbá náà wo ẹni tó wọlé bí ẹni tó ni ilé, mo sì gbà pé iṣẹ́ ayàwòrán náà ti pé níbẹ̀. Mo tọrọ àyè, wọ́n sì jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ 1958 àti orúkọ ayàwòrán sí ẹ̀yìn fírémù náà, ṣùgbọ́n omi ti ba apá kan orúkọ náà jẹ́. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí nínú ilé náà.

Iwájú àwòrán yìí ni mo ti ṣí èyí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Juan de Pareja ni, tí Diego Velázquez, ayàwòrán ilẹ̀ Sípéènì, yà ní Rome ní 1650. Ẹrú ni Juan nígbà náà, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Sípéènì, Velázquez tó ń yà á gan-an sì ni olówó rẹ̀. Kọ́là léèsì funfun fífẹ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ jẹ́ irú eérú tó ń ṣe bí àwọ̀ ewé, ó gbé ọwọ́ kan kọjá níwájú àyà, ó sì wo ojú wa tààrà. Bí a bá sún mọ́ léèsì náà, kò sí léèsì níbẹ̀ mọ́, bíkòṣe ọ̀dà funfun tó ta síbí, tó ta sọ́hùn-ún. Bí a bá fà sẹ́yìn, ó di léèsì padà. A máa ń sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Níbí, aṣọ náà kò tóbi, ènìyàn náà ni ó tóbi, kò sì sí ohun tó jọ ẹrú nínú bó ṣe dúró.

Òǹkọ̀tàn kan, Palomino, kọ ọ́ pé Velázquez fi àwòrán náà rán Juan fúnra rẹ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ kan, tí wọ́n ń wo àwòrán, tí wọ́n ń wo ènìyàn, tí wọn kò mọ èwo ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e hàn ní Pantheon, ilé ìsìn àtijọ́ kan ní Rome, ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ní oṣù Kọkànlá, Velázquez fọwọ́ sí ìwé pé Juan yóò di òmìnira lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wá ni ọdún mẹ́rin náà wà fún, kí ló dé tí kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìbínú rẹ̀ tọ́. Mi ò lè wo àwòrán yìí kí n má rántí pé ọwọ́ tó fún un ní irú iyì yẹn lórí kánfáàsì ni ọwọ́ tó ń lò ó. Ohun tó ń tù mí nínú ni pé Juan di ayàwòrán. Nínú àwòrán ìpè Mátíù Mímọ́ tó yà ní 1661, tó wà ní Prado ní Madrid, ó ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó dúró dáadáa, ó sì di bébà kan mú tí orúkọ tirẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ilé àkójọ ohun ọnà Metropolitan ní New York ra àwòrán tí Velázquez yà náà ní 1971 ní iye tó ju mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀nà Èkó

A padà gba Ṣágámù, a yà kí Bàbá Tíṣà. Wọ́n ní mi ò tíì fi àwòrán tó gbẹ̀yìn hàn wọ́n. Tutu ni, tí Ben Enwonwu yà ní 1974. Ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni Adémilúyì ni Adetutu, Enwonwu rí i ní Ifẹ̀, ó sì lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kó tó yà á. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó yí orí díẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ láìfún mọ́ ọn. Enwonwu ya aṣọ náà wéré-wéré, ó wá fi sùúrù ya ojú, èyí tí ó jẹ́ òdìkejì ohun tí ayàwòrán inú pálọ̀ àná ṣe. Bàbá Tíṣà ní èyí tọ́, pé ọmọbìnrin náà ló gbé aṣọ rù. Mi ò jiyàn.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni Enwonwu ya, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi rí èyí ní ilé ìdílé kan ní London ní ìparí 2017, lára ògiri, tí àwọn onílé kò mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n tà á ní oṣù Kejì 2018 ní iye tó ju mílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn lọ. Nígbà tí wọ́n tà á, a kò tíì mọ ibi tí àwọn méjì yòókù wà. Ẹ̀yin tí àwòrán àtijọ́ bá wà ní pálọ̀ yín, ní Ìjẹ̀bú, ní Rẹ́mọ tàbí níbi yòówù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri, ẹ wo ẹ̀yìn fírémù rẹ̀, ẹ ka orúkọ àti ọdún tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ síbòmíràn kí omi tó pa á rẹ́.